Ọkùnrin Gíga, Ẹṣin Kúkúrú: Ìtàn Mark Todd àti Charisma

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Nígbà tí a bá pa òwe yìí, ènìyàn ni à ń bá wí. A kì í sábàá ronú kan ẹṣin fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣáájú ni ó ń gba ìyìn, òun náà ni ó sì ń gba ẹ̀bi bí ọ̀nà bá wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹṣin gidi, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ni ó ṣáájú, ọkùnrin kan sì jókòó sórí rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin náà ni Mark Todd, ọmọ ilẹ̀ Niú Sílándì. Orúkọ ẹṣin náà ni Charisma. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba àmì ẹ̀yẹ wúrà níbi Ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1984, tí wọ́n sì tún jọ gbà á ní ọdún 1988. Ìbéèrè tí ìtàn wọn gbé ka iwájú wa ni èyí: nígbà tí ènìyàn àti ẹranko bá jọ ṣe iṣẹ́ kan ní àṣeyọrí, ta ni ó ni ògo? Ìbéèrè kejì tẹ̀lé e, òun ni ó sì nira jù: kí ni ẹni tí ògo náà bọ́ sí lọ́wọ́ jẹ ẹranko náà ní gbèsè?

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a mọ irú eré tí à ń sọ. Kì í ṣe eré ìje ẹṣin tí àwọn ènìyàn máa ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí. Àwọn ológun ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti fi dán ẹṣin ogun wò. Ẹṣin ogun gbọ́dọ̀ lè dúró jẹ́ẹ́ níwájú ọba lọ́jọ́ ìwọ́de. Ó gbọ́dọ̀ lè sáré jìnnà gba inú igbó, odò àti kòtò láti gbé iṣẹ́ tí ọ̀gágun rán an dé ibi tí a rán an. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, ó gbọ́dọ̀ ṣì wúlò fún iṣẹ́. Ìdí nìyí tí ìdíje náà fi ní ìpele mẹ́ta. Ní ìpele kìn-ín-ní, ẹlẹ́ṣin àti ẹṣin rẹ̀ yóò wọ inú pápá kékeré kan. Ẹṣin yóò rìn, yóò rọra sáré, yóò yí sọ́tùn-ún, yóò yí sósì, yóò dúró, láìjẹ́ pé òǹwòran rí àṣẹ tí ẹni tí ó gùn ún ń pa fún un. Ní ìpele kejì, wọn yóò sáré lórí ilẹ̀ gbalasa, wọn yóò máa fo ìtì igi, ògiri, kòtò àti adágún omi, àwọn ohun líle tí kì í yẹ̀ bí ẹṣin bá kọlù wọ́n. Ní ìpele kẹta, ọ̀pá tí a gbé lé orí òpó ni wọn yóò fò, ìfarakanra díẹ̀ péré sì lè mú ọ̀pá náà já bọ́. Máàkì ìyà ni a ń kà fún àṣìṣe. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ni ó borí. Ẹṣin kan náà ni ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Nítorí pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é ní àtètèkọ́ṣe, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́ta.

Ọdún 1912, ní ìlú Stockholm ní ilẹ̀ Swídìn, ni irú ìdíje yìí kọ́kọ́ wọ inú Òlíńpíìkì. Àwọn ọ̀gá ológun nìkan ni a gbà láàyè láti kópa. Òfin yìí múná débi pé ní ọdún 1948, nígbà tí ilẹ̀ Swídìn borí nínú ìdíje ìgbọràn ẹṣin ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n padà gba àmì ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ wọn ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí àṣírí tú pé sájẹ́ńtì ni ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ṣin wọn, tí wọ́n kàn fi oyè ọ̀gá dá a lọ́lá fún ìgbà díẹ̀ kí ó lè bá wọn lọ. Ọdún 1952 ní Helsinki ni ilẹ̀kùn tó ṣí fún ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá ológun. Ní ti ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ó di ọdún 1964, ní Tokyo, kí obìnrin tó bá wọn kópa nínú rẹ̀: Lana du Pont, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ẹni náà.

Láàárín àwọn ọ̀gá ológun ìgbà náà, ẹnì kan tayọ. Charles Pahud de Mortanges ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì. Orí ẹṣin kan tí ń jẹ́ Marcroix ni ó wà nígbà tí ó gba wúrà ní Amsterdam ní ọdún 1928, orí ẹṣin kan náà ni ó sì wà nígbà tí ó tún gbà á ní Los Angeles ní ọdún 1932. Láti ìgbà náà wá, fún odidi àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ẹlẹ́ṣin ọlọ́jọ́ mẹ́ta kankan tí ó gba wúrà tirẹ̀ ní Òlíńpíìkì méjì léra. Ọ̀pọ̀ rò pé irú rẹ̀ kò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́, nítorí pé ọdún mẹ́rin pọ̀ nínú ayé ẹṣin. Ẹṣin tí ó wà ní ọ̀dọ́ lónìí lè di arọ lọ́la. Kókósẹ̀ tí ó gbé e sókè ní ọgọ́rùn-ún ìgbà lè yẹ̀ ní ìgbà kan ṣoṣo.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ọdún 1956 ni wọ́n bí Mark Todd ní Cambridge. Kì í ṣe Cambridge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ lókìkí, bí kò ṣe ìlú kékeré kan ní àgbègbè Waikato ní erékùṣù àríwá Niú Sílándì, níbi tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀, tí iṣẹ́ àwọn ènìyàn sì jẹ́ màlúù olómi wàrà àti ẹṣin sísìn. Ọmọdé ni ó ti ń gun ẹṣin kéékèèké. Nígbà tí ó dàgbà, ó ga kọjá ẹsẹ̀ bàtà 6, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn gbọọrọ bí ẹsẹ̀ àgùnfọn. Ẹni tí ó bá rí báyìí kò lè ṣe iṣẹ́ jọ́kì, nítorí pé ẹni kúkúrú tí kò wúwo ni eré ìje ń fẹ́. Ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni ó kù tí ó lè gba irú rẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó ń ṣe jẹun, màlúù ni ó ń fún wàrà rẹ̀. A lè wí pé láàárín àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n dá eré náà sílẹ̀ àti àgbẹ̀ olómi wàrà yìí, ọ̀nà jìn bí ilẹ̀ àti ọ̀run.

Ọ̀nà jìn ní tòótọ́ pẹ̀lú, nítorí pé kò sí ilẹ̀ tí ó jìnnà sí Yúróòpù bíi Niú Sílándì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹṣin díje ní òkèèrè gbọ́dọ̀ gbé ẹṣin náà wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ó sì rí owó rẹ̀ san. Ní ọdún 1978, Todd wà lára àwọn tí Niú Sílándì rán lọ sí ìdíje àgbáyé ní Lexington ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó dé Badminton.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí Badminton jẹ́. Ní ọdún 1948, àwọn ẹlẹ́ṣin Bìrìtéènì kò ṣe dáadáa ní Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní ìlú wọn. Inú Duke ti Beaufort kò dùn sí i. Ó yọ̀ǹda ilẹ̀ ààfin rẹ̀ ní Badminton ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn ẹlẹ́ṣin máa dán ara wọn wò níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1949. Láti ìgbà náà, Badminton di ibi tí gbogbo ẹlẹ́ṣin ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní àgbáyé ń fẹ́ kí orúkọ wọn wà. Ní ọdún 1980, Todd, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, gun ẹṣin kan tí ń jẹ́ Southern Comfort wọ ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé rẹ̀. Ó borí. Òun ni ọmọ Niú Sílándì àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó padà sílé, sí ìdí màlúù rẹ̀.

Ọdún 1983 ni òun àti Charisma pàdé. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá rí àwòrán àwọn méjèèjì, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹṣin náà kò ju nǹkan bí 160 sẹ̀ǹtímítà lọ láti ilẹ̀ dé èjìká, ó sanra roboto, ó sì fẹ́ràn oúnjẹ débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Podge, ìnagijẹ tí wọ́n ń pe ẹni tí ó bá sanra. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí Todd bá sì jókòó sórí rẹ̀, ńṣe ni ẹsẹ̀ ọkùnrin náà máa ń wá sí ìsàlẹ̀ ikùn ẹṣin, bí ìgbà tí bàbá gun kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí ìdí tí irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ fi lè dára. Ṣùgbọ́n ẹṣin kékeré yìí lè jó bí àwọn ẹṣin ìgbọràn, ó lè sáré láìkáàárẹ̀, ó sì máa ń ṣọ́ra fún ọ̀pá bí ẹni tí a fi ọ̀pá náà sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ìwà mẹ́ta yìí ni eré ọlọ́jọ́ mẹ́ta ń béèrè, wọn kì í sì í sábàá pé sára ẹṣin kan ṣoṣo. Ẹṣin tí ó yá nílẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ràn; èyí tí ó ń gbọ́ràn kì í fẹ́ sáré.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, wọ́n lọ sí Badminton, wọ́n sì ṣe ipò kejì sí Lucinda Green, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ìṣẹ́gun ọjọ́ náà parí ìṣẹ́gun mẹ́fà ní Badminton lórí ẹṣin mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní àsìkò ooru ọdún kan náà ni Òlíńpíìkì ti Los Angeles. Nígbà tí ó di ọjọ́ ìkẹyìn, tí ó ku fífo ọ̀pá, Todd kọ́ ni ó ṣáájú. Karen Stives, ọmọ Amẹ́ríkà, lórí ẹṣin tí ń jẹ́ Ben Arthur, ni ó wà níwájú. Todd fo ọ̀pá tirẹ̀, kò kan ọ̀kankan. Máàkì ìyà rẹ̀ dúró sí 51.60. Stives ni ó gbẹ́yìn wọlé. Ní ọjọ́ náà máàkì 5 ni ìyà ọ̀pá kan. Bí kò bá kan ọ̀kankan, wúrà di tirẹ̀. Ọ̀pá kan ṣoṣo já bọ́. Máàkì rẹ̀ di 54.20, ó sì gba fàdákà. Báyìí ni Niú Sílándì ṣe gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ nínú eré ẹṣin, wúrà sì ni.

Mo fẹ́ kí a rántí ọ̀pá kan ṣoṣo yìí, nítorí pé a óò tún padà bá a. Ẹni tí ó bá gba wúrà nítorí pé ọ̀pá ẹlòmíràn já kò lè fọ́nnu jù. Ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí òjò rọ̀ sí oko rẹ̀, tí kò rọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀. Òjò náà kò sọ oko di tirẹ̀. Òun ni ó ti ro ó, òun ni ó gbìn ín. Síbẹ̀, òun kọ́ ni ó rọ òjò.

Ní ọdún 1985, òun àti Charisma tún ṣe ipò kejì ní Badminton, lẹ́yìn Virginia Holgate lórí Priceless. Ní ọdún 1987, ní Burghley, ìdíje ńlá kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Todd ṣe ohun tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu: ó ṣe ipò kìn-ín-ní lórí Wilton Fair, ó sì ṣe ipò kejì lórí Charisma. Òun ni ó borí ara rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé Charisma kò borí rí ní Badminton, kò sì borí rí ní Burghley. Bí a bá wo àwọn ìdíje méjì yìí nìkan, a óò pè é ní ẹṣin ipò kejì.

Lẹ́yìn náà ni Seoul ti ọdún 1988 dé. Charisma ti ń wọ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọjọ́ orí tí a ti sábàá máa ń fi àwọn ẹṣin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa jẹ koríko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé arúgbó ni. Ṣùgbọ́n ẹṣin kékeré náà ṣáájú láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé òun bá. Nígbà tí wọ́n fo ọ̀pá tán ní ọjọ́ ìkẹyìn, máàkì ìyà wọn jẹ́ 42.60, ti Ian Stark ará Scotland, tí ó ṣe ipò kejì, jẹ́ 52.80. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀pá ẹlòmíràn ni ó gbé e dé ibẹ̀. Niú Sílándì sì tún gba idẹ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Ohun tí Pahud de Mortanges àti Marcroix ṣe ní 1928 àti 1932, ọkùnrin olómi wàrà àti ẹṣin sísanra ṣe é ní 1984 àti 1988. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Charisma sílẹ̀ kí ó sinmi, ó sì padà sílé.

Níbi tí a dé yìí, ẹnì kan lè sọ pé ìbéèrè wa àkọ́kọ́ ti ní ìdáhùn: ẹṣin ni. Bí kò bá sí Charisma, ta ni ì bá mọ Todd? Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó tẹ̀lé e kò jẹ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Todd borí ní Burghley ní 1990 lórí Face the Music, ó sì tún borí níbẹ̀ ní 1991 lórí Welton Greylag. Ní ọdún 1994, ẹni tí ó yẹ kí ó gun ẹṣin kan tí ń jẹ́ Horton Point ní Badminton ṣèṣe nígbà tí ìdíje kù dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ké sí Todd. Kò mọ ẹṣin náà rí tẹ́lẹ̀ bí ẹni mọ owó. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi gùn ún kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ó sì borí. Ẹni tí ó lè jókòó sórí ẹṣin àlejò, kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé láàárín ọjọ́ díẹ̀, a kò lè sọ pé ẹṣin kan ṣoṣo ni ó gbé e lárugẹ.

Èyí tí àwọn ènìyàn ń sọ jù ni ti ọdún 1995. Nínú èdè wa, nígbà tí ènìyàn bá gba oyè tàbí tí ipò rẹ̀ bá ga sí i, a máa ń sọ pé lìkáfà rẹ̀ ròkè. Ọ̀pọ̀ wa tí ń lo ọ̀rọ̀ yìí kò rántí mọ́ pé ohun tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ni lìkáfà. Ní Badminton ọdún náà, Todd ń gun Bertie Blunt, wọn kò sì tíì sáré jìnnà ní ìpele kejì nígbà tí awọ tí ó so lìkáfà kan mọ́ gàárì já. Lìkáfà jábọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó túmọ̀ sí: ẹṣin ńlá ń sáré tete, odi àti odò ń bẹ níwájú, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kan sì ń fì dirodiro. Kò dúró. Ó fo gbogbo èyí tí ó kù pẹ̀lú lìkáfà kan ṣoṣo. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó padà wá pẹ̀lú ẹṣin kan náà, ó sì borí. Ìdọ́gba ara ni ó fi ṣe é, kì í ṣe agbára apá. Ẹlẹ́ṣin tí ó bá gbára lé ìjánu àti lìkáfà yóò ṣubú bí ọ̀kan bá já. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé ìrìn ẹṣin ni yóò dúró.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọmọdé ni èyí. Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, ilẹ̀ náà sì lè di ibojì. Ní ọdún 1999, ẹlẹ́ṣin 5 ni ó kú nínú ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Bìrìtéènì nìkan, ọ̀kan nínú wọn sì kú ní Burghley, níbi tí Todd ti borí ní ọdún náà lórí Diamond Hall Red. Ohun tí ó sábàá máa ń pa ènìyàn ni kí ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin kan ohun líle, kí ẹṣin ta òkìtì, kí ó sì bọ́ lé ẹni tí ó gùn ún. Láti ìgbà náà ni àwọn aláṣẹ eré náà ti ń wá ọ̀nà tí àwọn ìtì igi kan yóò fi lè yẹ̀ bí agbára bá pọ̀ lórí wọn. Ní ìgbà kan náà, ọjọ́ ìsáré gígùn àtijọ́ yí padà. Tẹ́lẹ̀, kí ẹṣin tó dé ibi ìtì igi àti odò, ó ti ní láti rìn kìlómítà púpọ̀, ó sì ti sá eré àsápajúdé kan láàárín. Ní Athens ní ọdún 2004, wọ́n yọ gbogbo ìyẹn kúrò nínú Òlíńpíìkì. Àwọn kan dunnú pé ìnira ẹṣin dínkù. Àwọn mìíràn kédàárò pé wọ́n ti gé ọkàn eré náà kúrò, pé irú ẹṣin bíi Charisma, tí agbára ìfaradà rẹ̀ jẹ́ ìyanu, kò ní rí ibi fi hàn mọ́. Ohùn méjèèjì ní òtítọ́ nínú. Ẹṣin kò kú fún ogun ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wá di dandan kí àwọn tí ń fi í ṣeré dáhùn ìdí tí ó fi yẹ kí ó fi ẹ̀mí wéwu rárá.

Ní Sydney ní ọdún 2000, Todd gba idẹ lórí Eyespy II, ó sì kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì. Àjọ eré ẹṣin àgbáyé ti pè é ní ẹlẹ́ṣin ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí ó tayọ jù ní ọ̀rúndún ogún. Ó padà sí Cambridge, ó ń kọ́ ẹṣin ìje; ọ̀kan nínú wọn, Bramble Rose, borí nínú ìdíje Oaks ti Niú Sílándì ní ọdún 2003. Ọdún yẹn kan náà ni Charisma kú, lẹ́yìn tí ó fara pa nínú pápá. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ọjọ́ orí tí ẹṣin kì í sábàá dé. Ọdọ̀ Todd ni ó wà títí dé òpin. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tí ó ti borí ni wọ́n ti tà láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì títí orúkọ wọn fi parẹ́.

Ẹni tí ó fẹ̀yìn tì kò lè jókòó. Ní ọdún 2008, Todd padà sí Òlíńpíìkì lórí Gandalf. Ní ọdún 2011, ó gun NZB Land Vision wọ Badminton, ó sì borí nígbà kẹrin, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Títí di ìgbà náà, ẹni tí ó dàgbà tó o kò borí rí níbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2012, ó bá ẹgbẹ́ Niú Sílándì gba idẹ. Ní ọdún 2013, wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá. Lẹ́yìn náà ni Rio de Janeiro ti ọdún 2016, Òlíńpíìkì keje tí ó kópa nínú rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọgọ́ta ọdún.

Níbẹ̀ ni a ti tún bá ọ̀pá pàdé. Títí di ìpele ìkẹyìn, Niú Sílándì ṣì ní ìrètí wúrà. Todd ni ó kẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ṣin wọn wọ pápá, lórí Leonidas II. Ọ̀pá mẹ́rin já bọ́. Niú Sílándì di ẹgbẹ́ kẹrin, wọn kò gba nǹkan kan. Ọ̀pá kan ni ó fún un ní wúrà nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ọ̀pá mẹ́rin ni ó gbà á lọ́wọ́ òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgbà. Bí ọjọ́ ṣe rí fún Karen Stives ní 1984 ni ó rí fún òun náà. Ní ọdún 2019, ó fi ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́ta sílẹ̀ pátápátá, ó padà sí ìdí ẹṣin ìje.

Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, ì bá dùn púpọ̀, n kò sì ní ju kí n gbóríyìn fún un lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwòrán kan jáde, tí a ti yà ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin. Ẹṣin kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ wọ inú omi. Todd mú ẹ̀ka igi, ó na ẹṣin náà léraléra. Gbogbo ayé rí i. Ó tọrọ àforíjì ní gbangba, ó ní ohun tí òun ṣe kò dára. Àwọn aláṣẹ eré ìje ní Bìrìtéènì sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn kan gbèjà rẹ̀ pé báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé ẹṣin tí kò bá wọ inú omi nílé yóò pa ènìyàn lóde. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tí ó lòdì sí ẹ̀ka igi náà kò jìnnà. Ìgbésí ayé Todd fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tí ó gun Horton Point láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ó sì borí kò ní àkókò láti fi pàṣán kọ́ ọ. Ẹni tí lìkáfà rẹ̀ já tí kò ṣubú, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ẹṣin ni ó gbà á là. Charisma tí ó ti ń wọ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní Seoul kò fi ìbẹ̀rù ṣáájú fún gbogbo ìdíje náà. Ohun tí ó mú ọkùnrin yìí tóbi ni pé ó mọ bí a ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹṣin. Ní ọjọ́ tí ó mú ẹ̀ka igi, ó gbàgbé iṣẹ́ tí ó mọ̀ jù gbogbo ayé lọ. Nítorí pé òun ni ẹṣin iwájú, àwọn tí ó wà lẹ́yìn ń wò ó: ẹ̀kọ́ ni wọ́n wá kọ́ lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ni ó mú ẹ̀bi rẹ̀ wúwo ju ti ẹlẹ́ṣin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ.

Ṣé kí a wá pa wúrà méjèèjì rẹ́ ni? Rárá o. Ìtàn kì í ṣe ìwé tí a lè fa ojú ewé ya nínú rẹ̀ nígbà tí inú bá bí wa. Àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì mẹ́fà ni ó gbà, a kò sì lè fi ẹ̀ka igi kan dáná sun wọ́n. Ṣùgbọ́n a lè bi ara wa léèrè ẹni tí ó jẹ ẹlòmíràn ní gbèsè. Mo rò pé gbèsè náà kì í tán. Ẹṣin kò bẹ̀ wá kí a gbé òun lọ sí Seoul; kò mọ ohun tí wúrà ń jẹ́; bí a bá gbé àmì ẹ̀yẹ sí ibùjẹ rẹ̀, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sì wá koríko rẹ̀ lọ. Koríko yẹn, pápá yẹn, àwọn ọdún ìsinmi yẹn nílé Todd ni owó iṣẹ́ Charisma. Ó san án fún un dáadáa. Fún ẹṣin tí kò fẹ́ wọ omi, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, kò san án.

Láti ìgbà náà ẹlẹ́ṣin kẹta ti wọ inú ìwé náà: Michael Jung, ará Jámánì, gba wúrà ní 2012 àti 2016 lórí ẹṣin kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Sam, ó sì gba ẹ̀kẹta ní Paris ní ọdún 2024 lórí ẹṣin mìíràn, ohun tí Todd kò ṣe rí. Ẹni tí ó bá ṣí àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n borí yóò rí ohun kan tí kò sí nínú eré sísá tàbí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Níwájú orúkọ ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ orúkọ ẹṣin rẹ̀ sí: Pahud de Mortanges, Marcroix, Todd, Charisma, Jung, Sam. Lórí ìlà kan náà ni wọ́n wà, ìwọ̀n lẹ́tà kan náà ni wọ́n sì fi tẹ̀ wọ́n.